Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Ìrẹ̀lẹ̀ àti Bíbu Ọlá fún Ẹnìkejì

Ìwé Mímọ́ tí a ó kà: Ìwé Kejì Àwọn Ọba 5:1-15, Fílípì 2:1-11, Jòhánù 13:1-17.

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú, a ti rí i pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó dá gbogbo ènìyàn, àti pé ìgbéraga ni ó wà ní ìdí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn òbí wa àkọ́kọ́. Lónìí, a fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà tí ó jẹ́ òdìkejì ìgbéraga. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí i, nítorí pé ẹni tí kò bá kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ yóò rí omi ìrìbọmi gẹ́gẹ́ bí omi lásán.

1. Kí ni ìrẹ̀lẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ wa. Onírẹ̀lẹ̀ ni ẹni tí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sún mọ́ ilẹ̀. Ní Ọjọ́rú Eérú, àlùfáà a máa fi eérú sí wa lórí, a sì máa rán wa létí pé erùpẹ̀ ni wá. Kì í ṣe pé ó ń bú wa; òtítọ́ ni ó ń sọ. Ọlọ́run fi erùpẹ̀ ilẹ̀ mọ ènìyàn, ó sì mí èémí ìyè sí i nínú (Jẹ́nẹ́sísì 2:7). Ohun méjì ni ó wà nínú ènìyàn nígbà náà: erùpẹ̀ tí ó ti inú ilẹ̀ wá, àti èémí tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Ẹni tí ó bá ń rántí erùpẹ̀ nìkan yóò sọ ìrètí nù. Ẹni tí ó bá ń rántí èémí nìkan yóò gbéra ga. Onírẹ̀lẹ̀ a máa rántí méjèèjì, nípa ara rẹ̀ àti nípa ẹnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, a lè sọ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni kí ènìyàn mọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kí ó sì máa gbé ìgbé ayé tí ó bá òtítọ́ náà mu. Katikísìmù Ìjọ Kátólíkì, ní nọ́ńbà 2559, kọ́ wa pé ìrẹ̀lẹ̀ ni ìpìlẹ̀ àdúrà, nítorí pé alágbe ni gbogbo wa níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní orí ilẹ̀ gíga Kétu mọ bí omi ti jìn tó nínú kànga wa. Ẹni tí ó bá nàró gangan, tí ó kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀, kò ní rí omi fà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run rí.

2. Náámánì àti ọmọbìnrin kékeré náà

Náámánì ni olórí ogun ọba Síríà. Ọba bu ọlá fún un, orúkọ rẹ̀ sì kàn káàkiri. Ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni. Nínú ilé rẹ̀ ni ọmọbìnrin kékeré kan wà, tí àwọn ọmọ ogun Síríà kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ó sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ìwé Mímọ́ kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Ọmọ yìí ni ó sọ fún ìyá ilé pé ìbá ṣe pé olúwa òun lè dé ọ̀dọ̀ wòlíì tí ń bẹ ní Samáríà, ara rẹ̀ ì bá dá.

Náámánì gbọ́, ó sì dìde. Ó kó fàdákà, wúrà àti ẹ̀wù mẹ́wàá dání, ó sì gba ìwé lọ́wọ́ ọba rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọba Ísírẹ́lì ni ó kọ́kọ́ lọ, nítorí ó rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹni ńlá ni ìwòsàn yóò ti wá. Ọba náà ka ìwé, ẹ̀rù bà á, ó sì fa aṣọ rẹ̀ ya. Nígbà tí Náámánì dé ẹnu ọ̀nà wòlíì Èlíṣà, wòlíì kò tilẹ̀ jáde. Ìránṣẹ́ ni ó rán sí i pé kí ó lọ wẹ̀ ní odò Jọ́dánì ní ẹ̀ẹ̀méje. Inú bí Náámánì. Ó ti rò pé wòlíì yóò jáde, yóò dúró, yóò sì na ọwọ́ sí ibi tí ẹ̀tẹ̀ wà. Ó ní àwọn odò ìlú òun, Dámásíkù, dára ju gbogbo omi Ísírẹ́lì lọ. Ó yí padà pẹ̀lú ìbínú. Nígbà náà ni àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn, tí wọ́n pè é ní baba, tí wọ́n sì bi í léèrè pé bí wòlíì bá ní kí ó ṣe ohun ńlá kan, ṣé kò ní ṣe é? Èwo ni ti kí ó kàn wẹ̀? Ó gbọ́ tiwọn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ri ara rẹ̀ sínú omi ní ẹ̀ẹ̀méje, ara rẹ̀ sì dá bí ara ọmọ kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí Ọlọ́run lò nínú ìtàn yìí. Ọba Síríà kọ ìwé, ìwé náà kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ọba Ísírẹ́lì fa aṣọ ya, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Wúrà àti fàdákà kò ra ìwòsàn fún un. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí a kó lẹ́rú ni ó tọ́ka sí ọ̀nà; ìránṣẹ́ wòlíì ni ó mú ọ̀rọ̀ ìwòsàn wá; àwọn ìránṣẹ́ ilé ni ó sì dá olúwa wọn dúró nígbà tí ìgbéraga fẹ́ gbé e lọ. Bí Náámánì bá ti sọ pé, "Kí ni ọmọ ọ̀dọ̀ mọ̀?" ì bá kú sínú ẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wa wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n tí Náámánì nílò wà nínú ilé rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ibi tí ó wà ni ó rẹlẹ̀ lójú rẹ̀.

Olúwa wa fúnra rẹ̀ rán àwọn ará Násárétì létí ìtàn Náámánì (Lúùkù 4:27). Ìjọ a sì máa kà á ní ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Kẹta Lẹ́ńtì, nígbà tí àwọn tí yóò gba Ìrìbọmi ní alẹ́ Àìsùn Àjíǹde ti ń sún mọ́ ọjọ́ wọn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin pẹ̀lú ń bọ̀ wá síbi omi tí kò ní ẹwà lójú. Kì í ṣe owó ni ẹ ó fi gbà á, kì í ṣe oyè, kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ ó tẹ orí ba, a ó sì da omi sí i yín lórí, bí a ti ń ṣe fún ọmọ ọwọ́.

3. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn

Ìtàn ọmọbìnrin náà kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wó Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn ìlú náà lẹ́rú lọ sí Abọ̀mẹ̀. Ilé dahoro, oko di igbó. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun Abọ̀mẹ̀ ní 1892, àwọn tí ó kù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá láti tún ìlú kọ́. Ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà ṣì wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìlú tí ó ti wà ṣáájú ogun. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n so mọ́ okùn ní ọ̀nà yẹn. Ní Abọ̀mẹ̀, ẹni tí ó rí wọn rí ẹrú. Kò rí ọmọ olóyè, kò rí ìyá ọlọ́mọ, kò rí ahunṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun wọ̀nyí ni wọ́n jẹ́. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi wí pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn.

Òtítọ́ kan tún wà tí ó ṣòro ju èyí lọ. Kì í ṣe Abọ̀mẹ̀ nìkan ni ó ní ẹrú ní ìgbà náà. Àwọn ìlú Yorùbá pẹ̀lú ra ẹrú, wọ́n sì ta ẹrú. Nínú Ìjọ kan náà lónìí, ọmọ-ọmọ ẹni tí a rà lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ-ọmọ ẹni tí ó rà á. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí kì í sì í kú tán. Nígbà tí a bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, tàbí tí a bá ń jà lórí ilẹ̀, tàbí tí a bá ń yan olóyè, ẹnìkan lè sọ ọ́ ní ìdákọ́ńkọ́ pé, "Ẹrú ni baba ńlá rẹ̀." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn láàyè. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé pé bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ, ó sì ti gbàgbé ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú Krístì.

4. Olúwa gba ipò ẹrú

Kí ni Ọlọ́run ṣe? Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sọ fún àwọn ará Fílípì pé Krístì Jésù, ẹni tí ó jẹ́ Ọlọ́run, kò di ipò rẹ̀ mú bí ohun ìjà-gbà. Ó sọ ara rẹ̀ di òfo, ó gba ipò ẹrú, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ikú, àní ikú lórí àgbélébùú (Fílípì 2:6-8). Ẹ kíyè sí i pé Pọ́ọ̀lù kò sọ pé ó gba ipò ọba, tàbí ipò ọlọ́rọ̀. Ipò ẹrú ni ó sọ. Ní ayé ìjọba Róòmù, ikú àgbélébùú jẹ́ ikú tí a fi ń pa ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀. Olúwa wa bá àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní ibi tí wọ́n wà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá fi ẹrú ṣe ẹlẹ́yà ń fi Olúwa rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ikú rẹ̀, Jésù dìde nídìí oúnjẹ, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ (Jòhánù 13). Pétérù kọ̀. Lójú rẹ̀, ó burú kí ọ̀gá wẹ ẹsẹ̀ ọmọ-ẹ̀kọ́. Jésù dá a lóhùn pé bí òun kò bá wẹ̀ ẹ́, kò ní ìpín pẹ̀lú òun. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa: ẹlòmíràn kọ̀ láti sin ẹnìkejì nítorí ìgbéraga, ẹlòmíràn sì kọ̀ kí a sin òun nítorí ìgbéraga kan náà. Júdásì pẹ̀lú wà níbẹ̀. Jésù kò fo ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ìjọ a máa ṣe ìrántí èyí ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́. Láti ọdún 2016, nípasẹ̀ àṣẹ Póòpù Francis, a lè yan ọkùnrin àti obìnrin, ọmọdé àti àgbà, aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le, láàrin àwọn tí a ó wẹ ẹsẹ̀ wọn, kí gbogbo ènìyàn Ọlọ́run lè hàn níbẹ̀.

Ibi tí Ìrìbọmi dé nìyí. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ àwọn ará Gálátíà pé gbogbo ẹni tí a ti rì bọmi sínú Krístì ti gbé Krístì wọ̀ bí aṣọ, kò sì sí Júù tàbí Gíríìkì mọ́, kò sí ẹrú tàbí òmìnira, kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí ọ̀kan ni gbogbo wọn nínú Krístì (Gálátíà 3:27-28). Aṣọ funfun tí a ó wọ̀ yín ní ọjọ́ náà kò ní ti olóyè, kò ní ti tálákà. Katikísìmù sì sọ ní nọ́ńbà 1269 pé ẹni tí a ti rì bọmi kì í ṣe ti ara rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe ti Ẹni tí ó kú tí ó sì jíǹde fún wa. A pè é kí ó máa sin àwọn ẹlòmíràn nínú ìdàpọ̀ Ìjọ.

5. Ohun tí ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe

Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, ó yẹ kí a la nǹkan mẹ́rin.

Èkínní, ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ti ara nìkan. A dára ní kíkí àgbà. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀. Àṣà rere ni, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè dọ̀bálẹ̀ kí inú rẹ̀ sì wà ní òòró. Ọlọ́run ń wo inú.

Èkejì, ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe irọ́ pípa nípa ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún wa. Ẹni tí ó mọ orin kọ, tí ó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n kọ kí a lè bẹ̀ ẹ́, kò tíì ní ìrẹ̀lẹ̀. Màríà Wúndíá pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́bìnrin Olúwa, síbẹ̀ ó jẹ́wọ́ pé Alágbára ti ṣe ohun ńlá fún òun (Lúùkù 1:38, 49). Ó gba ẹ̀bùn náà, ó sì dá ògo rẹ̀ padà fún Ẹni tí ó ni ín.

Ẹ̀kẹta, ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe kí a dákẹ́ níwájú ibi. Ọmọbìnrin ilé Náámánì sọ̀rọ̀. A rán an ní iṣẹ́ ẹrú, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn ìránṣẹ́ Náámánì tọ́ ọ̀gá wọn sọ́nà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ na Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní ẹgba láìṣẹ̀, ó sọ fún wọn pé ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù ni òun (Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 22:25). Nítorí náà, obìnrin tí a ń lù, òṣìṣẹ́ tí a kò san owó rẹ̀, ọmọ tí a ń fìyà jẹ, kò dẹ́ṣẹ̀ sí ìrẹ̀lẹ̀ bí wọ́n bá ké sí àwọn tí ó lè gbà wọ́n. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni ó dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ẹrù tí a dì fún ọmọdé, obìnrin àti tálákà nìkan. Ó rọrùn fún ẹni tí ó wà lókè láti máa wàásù ìrẹ̀lẹ̀ fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Olúwa wa yí i padà: ó ní kí ẹni tí ó ga jù dà bí ẹni tí ó kéré jù, kí aṣáájú sì dà bí ẹni tí ń ṣe ìránṣẹ́ (Lúùkù 22:26). Baba ilé, ìyá ilé, olùkọ́, olórí ẹgbẹ́, katikísì àti àlùfáà ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bá wí.

6. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa méjì

Ọmọ bíbí Kétu ni Àlùfáà Thomas Moulero, ẹni tí a fi oyè àlùfáà dá lọ́lá ní ọdún 1928, àkọ́kọ́ láàrin àwọn ọmọ ilẹ̀ Dàhòmì, èyí tí à ń pè ní Benin lónìí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè Látìnì àti ti Faransé, ṣùgbọ́n kò kó ọgbọ́n ìlú rẹ̀ dànù. Ó kọ ìtàn Kétu sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́, àwọn òpìtàn tí ó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ sì jàǹfààní nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tí yóò kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní láti jókòó, kí ó gbọ́, kí ó béèrè, kí ó sì gbà pé àgbà tí kò mọ̀wé lè mọ ohun tí òun kò mọ̀. Ìmọ̀ tí ó bá ń sọ wá di ẹni tí ó lè tẹ́tí sí ẹlòmíràn ni ìmọ̀ tí ó wu Ọlọ́run.

Ẹnìkejì ni Kádínà Bernardin Gantin. A bí i ní Toffo ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1922. Ó di àlùfáà ní 1951, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kùtọnú ní 1960. Póòpù Paul Kẹfà pè é lọ sí Róòmù ní 1971, ó sì sọ ọ́ di Kádínà ní 1977. Láti 1984 sí 1998 ni ó fi jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ yíyan àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ní 1993, ó di Olórí Ẹgbẹ́ àwọn Kádínà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Nígbà tí ó pé ẹni ọgọ́rin ọdún ní 2002, ó bẹ Póòpù John Paul Kejì pé kí ó gba òun láàyè láti fi ipò náà sílẹ̀, kí òun sì padà sí ilé. Póòpù gbà fún un. Kádínà Joseph Ratzinger, ẹni tí ó di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún ní 2005, ni a yàn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ bí ó ti ṣòro tó kí ènìyàn fi àga sílẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tí ń lé e. Ọ̀pọ̀ ń jà nítorí àga ẹgbẹ́ kékeré ní abúlé. Kádínà Gantin dìde kúrò ní ọ̀kan nínú àwọn àga tí ó ga jù lọ nínú Ìjọ, ó sì padà sí Benin. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 2008. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ti Saint-Gall ní Wídà ni a sin ín sí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ti ń sin Ọlọ́run àti ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Benedict fúnra rẹ̀ wá gbàdúrà ní ojú ibojì náà.

7. Ìrẹ̀lẹ̀ nínú ilé wa

Ìrẹ̀lẹ̀ tí kò bá dé inú ilé kò tíì dé ibì kankan. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi mẹ́ta.

Ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ wa, àwọn òbí a máa fi ọmọ sọ́dọ̀ ìbátan tàbí ojúlùmọ̀ kí ó lè kẹ́kọ̀ọ́ tàbí kọ́ iṣẹ́. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní vidomègon. Àṣà ìrànlọ́wọ́ ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé púpọ̀, ọmọ náà ni ó ń kọ́kọ́ jí, òun ni ó ń sùn kẹ́yìn. Ó ń kiri ọjà nígbà tí àwọn ọmọ ilé wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń jẹ àjẹkù. Ìjọba Benin ṣe òfin ní 2006 láti fi òpin sí fífi ọmọdé ṣòwò, ó sì tún ṣe Òfin Ọmọdé ní 2015. Onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ dúró de ọlọ́pàá kí ó tó ṣe ohun tí ó tọ́. Ẹ bi ara yín pé: Kí ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Ṣé orúkọ náà ni a fi ń pè é? Níbo ni ó ń sùn? Nígbà wo ni a bi í léèrè ohun tí ó rò kẹ́yìn? Ó lè jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni Ọlọ́run fi ìwòsàn ilé yẹn sí.

Ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà wa. Ara Kétu, Ọ̀họ̀rí, Fọ̀n, Mahi, Gún àti Fúlàní ń pàdé ní àwọn ọjà wa àti ní ìdí pẹpẹ kan náà. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ tí ó fi ń pe èkejì. Ẹni tí yóò gba Ara Krístì pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ kò yẹ kí ó fi ẹnu kan náà sọ ọmọnìkejì rẹ̀ di ẹranko. Jákọ́bù Mímọ́ tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe fún ọlọ́rọ̀ ní àga nínú ìpéjọ, kí a sì sọ fún tálákà pé kí ó jókòó sílẹ̀ (Jákọ́bù 2:1-4).

Àwọn òbí àti ìbátan tí kì í ṣe Kristẹni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni baba rẹ̀ ń bọ òrìṣà, tàbí tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ ti yàn láti tẹ̀lé Krístì, ẹ má sì ṣe padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ìrìbọmi kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá baba rẹ̀. Ọ̀wọ́ wọn ni ẹ ti kọ́kọ́ mọ òtítọ́, sùúrù àti àlejò ṣíṣe. Nínú ìwé Nostra Aetate ti 1965, Àpéjọ Ńlá Vatican Kejì kọ́ wa pé Ìjọ kò kọ ohun kan tí ó jẹ́ òtítọ́ tí ó sì mọ́ nínú àwọn ẹ̀sìn yòókù. Ẹ sọ ìgbàgbọ́ yín láìtijú, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó ń bú baba rẹ̀ kí ó tó lọ sí ẹ̀kọ́ Ìrìbọmi ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi èkejì wó o.

8. Ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni ìrẹ̀lẹ̀? Ìrẹ̀lẹ̀ ni kí ènìyàn mọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kí ó sì máa gbé ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀.

Ta ni àpẹẹrẹ ìrẹ̀lẹ̀ tí ó pé jù lọ? Olúwa wa Jésù Krístì ni, ẹni tí ó gba ipò ẹrú nítorí tiwa.

Èé ṣe tí a fi gbọ́dọ̀ bu ọlá fún gbogbo ènìyàn? Nítorí pé Ọlọ́run dá gbogbo wọn ní àwòrán ara rẹ̀, Krístì sì kú fún gbogbo wọn.

Ṣé onírẹ̀lẹ̀ gbọ́dọ̀ dákẹ́ nígbà tí a bá ń rẹ́ ẹnìkan jẹ? Rárá. Ó gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti láìsí ìkórìíra.

Kí ni Ìrìbọmi ṣe fún ìyàtọ̀ ẹrú àti ọmọ? Ó sọ gbogbo wa di ọmọ Baba kan àti ẹ̀yà ara kan nínú Krístì.

9. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí

Kí olúkúlùkù yan ẹnìkan tí kò kà sí tẹ́lẹ̀, nínú ilé, ní oko tàbí ní ọjà. Kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ àti ìlú baba rẹ̀. Kí ó tẹ́tí sí i láìjá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ó bá ti ṣẹ̀ ẹ́, kí ó tọrọ àforíjì. Kí ó ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, kí ó má sì ròyìn rẹ̀ níwájú kíláàsì.

10. Àdúrà

Olúwa Jésù, ìwọ tí o sọ̀ kalẹ̀ sí ipò ẹrú kí àwa lè di ọmọ, gba ọkàn wa lọ́wọ́ ìgbéraga. Fi ojú rẹ fún wa, kí a lè rí ẹni tí a ti ń fi ojú fò. Fi etí rẹ fún wa, kí a lè gbọ́ ohùn ẹni tí a kò pè sí ìpàdé. Nígbà tí a bá sì dé ibi omi ìyè, jẹ́ kí a tẹ orí ba gẹ́gẹ́ bí ọmọdé, kí a sì dìde gẹ́gẹ́ bí ará. Nípasẹ̀ rẹ, Krístì Olúwa wa. Àmín.